Eré Ìdárayá Gẹ́gẹ́ Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Ojúṣe: Glei àti Agbègbè Atakpamé

Ojú ìwé yìí dá lórí bí a ṣe ń fi eré ìdárayá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ojúṣe àti ọgbọ́n ìgbé ayé. Glei ni a fi ṣe ibùdó ọ̀rọ̀ wa. Ìlú náà wà ní ẹkùn Ogou, ní gúúsù Atakpamé, lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá orílẹ̀-èdè Tógò. A yan agbègbè yìí nítorí pé oríṣi àṣà eré mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: ti àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ìbátan wa, ti àwọn Kabiyè tí wọ́n ti àríwá wá dá oko, àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí gbogbo ayé ń gbá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọmọ bá ti ń ṣeré, ìwà rere yóò wọ̀ ọ́ lára fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá kan náà tí ó sọ ọmọ kan di ọmọlúàbí ti sọ òmíràn di jàǹdùkú. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni ètò tí àwọn àgbà ṣe yí eré náà ká: ta ló ń bójú tó o, iṣẹ́ wo ni wọ́n fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣubú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nìyí, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ń ronú bí àṣà wa yóò ṣe dé ọwọ́ ìran tó ń bọ̀.

Àwọn Ifẹ̀ ti Tógò

Àwọn tí ọ̀pọ̀ ìwé Faransé ń pè ní Ana ni wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun. Èdè wọn wà lára àwọn èdè tí àwọn onímọ̀ kó jọ sábẹ́ orúkọ Ede, tí wọ́n jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú Yorùbá. Wọ́n ń gbé ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀. Atakpamé, tó jìnnà sí Lomé tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ni ìlú ńlá wọn ní Tógò.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún iṣu tuntun wọn ni wọ́n ń pè ní Odon-Itsu. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ "ọdún iṣu" nínú orúkọ náà. Àkókò ọdún bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ń wálé, òun náà sì ni àkókò tí eré máa ń pọ̀ jù lọ nílùú.

Àwọn Ifẹ̀ nìkan kọ́ ló wà ní agbègbè náà. Láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì, ìjọba amúnisìn Faransé kó ọ̀pọ̀ Kabiyè láti orí òkè Kara wá sí ilẹ̀ tó wà láàárín Sokodé àti Atakpamé láti máa dáko. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ Ifẹ̀ ti di ará àdúgbò kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wo àṣà àwọn méjèèjì.

Ìjàkadì àti ayò: òfin tí kò ní ọlọ́pàá

Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìjàkadì wà lára eré àtijọ́ tó gbajúmọ̀ jù. Àwọn kan ń pè é ní gídígbò, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹkẹ. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: a kì í lu ara wa, a kì í ta ara wa nípàá, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì ti kan ilẹ̀ ti ṣubú. Bí ó bá ti ṣubú, ìjà ti parí. Ẹni tó dá a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ àfi láti fà á dìde. Kò sí ẹni tí a ń san owó fún láti pa òfin yìí mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà tó dúró yíká ni adájọ́, ẹni tó bá sì ṣe màgòmágó níṣojú wọn yóò fi ọjọ́ pípẹ́ gbọ́ ọ.

Ayò náà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ bákan náà. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka ọmọ ayò lójú, tí kò sì lè ro ohun tí ẹnìkejì yóò ṣe, kò lè jẹ. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpe ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń wòran a máa fi òpe ṣe yẹ̀yẹ́, òpe náà sì gbọ́dọ̀ gbà á láìbínú. Bí ó bá da ọmọ ayò nù tó sì dìde lọ, kò sí ẹni tí yóò pè é wá ta mọ́. Ẹ̀kọ́ nípa kíkó ìbínú níjàánu nìyẹn, láìsí olùkọ́ kankan níbẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Bí a bá rò ó dáadáa, eré ni ọ̀kan lára àwọn ibi tí ọmọdé ti ń kọ́ láti máa wo ẹ̀yìn, nítorí níbẹ̀ ni ó ti lè ṣubú nígbà púpọ̀ láìjẹ́ pé ìṣubú náà ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Tchébé: ẹni tó wà lórí igi àti ẹni tó wà nísàlẹ̀

Eré tí Atakpamé fi lórúkọ ni tchébé, ijó orí igi gíga. Àwọn òṣèré a so igi gígùn mọ́ ẹsẹ̀, igi náà sì lè ga tó mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn, tí wọ́n ti ń jó sí ìlù. Àwọn Yorùbá Nàìjíríà tó mọ àgéré yóò dá irú eré náà mọ̀.

Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí igi gíga. Igi kúkúrú ni a fi ń kọ́ ìrìn, a ó sì máa fi kún gíga rẹ̀ bí ara bá ṣe ń mọ́ ọn. Ọmọ tó ń kánjú yóò rí èrè ìkánjú lójú ẹsẹ̀, nítorí ilẹ̀ kì í dúró de ẹni tó fẹ́ já. Sùúrù, ìgboyà àti ìfọkànsìn ni ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí nínú eré yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà lórí igi ni èrò ń wò. Ẹni tó yẹ igi wò bóyá ó ti là, tó yẹ okùn wò bóyá ó ti gbó, tó ń lé àwọn ọmọdé kúrò lójú ọ̀nà, òun ni ẹ̀mí ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Síbẹ̀, bí ó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, kò sí eré mọ́. Bí a bá ń wá ìtumọ̀ ojúṣe, iṣẹ́ ẹni tó so okùn ni ká fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀: iṣẹ́ tí a ń ṣe dáadáa bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i.

Evala: àìyẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́ta

Ní oṣù Keje ọdọọdún ni àwọn Kabiyè ń ṣe Evala ní agbègbè Kara. Ìjàkadì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdíje lásán. Apá kan ni nínú ètò tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbà wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra ni ọ̀dọ́ ń jà, abúlé sí abúlé, níwájú òbí, ìbátan àti èrò púpọ̀. Àwọn ọmọ Kabiyè tó wà ní Lomé àti ní gúúsù a máa padà sílé fún un. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà ní ètò tiwọn tí a ń pè ní Akpema.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé ìṣubú nìkan kọ́ ni ìtìjú nínú Evala. Ohun tó ń dójú ti ìdílé ni kí ọmọ wọn má jáde. Ẹni tó ṣubú lọ́dún yìí yóò padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó rí i nígbà tó ṣubú ni yóò sì tún wà níbẹ̀ láti wò ó. Ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí. Ètò náà kò béèrè pé kí ọmọ borí. Ó béèrè pé kí ó wá, kí ó tún wá, kí ó tún wá. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń padà síbi tí a ti dá a, níṣojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un nínú oko, nínú ọjà àti nínú ìgbéyàwó.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: adùn àti ìkorò rẹ̀

Lónìí, bọ́ọ̀lù ni eré tí ọ̀dọ́ ń sọ jù ní Tógò. Atakpamé ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, Ifodjè. Ọmọ Tógò tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù nídìí bọ́ọ̀lù ni Emmanuel Adebayor, tí orúkọ rẹ̀ ti fi ìran rẹ̀ hàn fún gbogbo Yorùbá. Lomé ni wọ́n bí i sí ní 1984. Góòlù 11 ló gbá wọlé nínú ìdíje tó gbé Tógò dé Ife Àgbáyé 2006 ní Jámánì, ìgbà kìíní tí orílẹ̀-èdè náà dé ibẹ̀. Ní 2008, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà.

Ife Àgbáyé yẹn kan náà kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kejì. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kìíní tó wáyé ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lórí owó àjẹmọ́nú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Otto Pfister, fi ikọ̀ náà sílẹ̀, ó sì tún padà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni Tógò gbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pàdánù. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ọmọdé tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́dún náà rí i pé ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Ibi tí àdéhùn kò bá dúró, tí ìwé owó kò sì mọ́, ẹ̀bùn àbínibí kò lè gba ikọ̀ là.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta tí a lè kọ́gbọ́n nínú wọn

Àpẹẹrẹ kìíní wá láti Mathare, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà. Ní 1987 ni wọ́n dá Mathare Youth Sports Association sílẹ̀ níbẹ̀. Pàǹtírí ló kún àdúgbò náà nígbà yẹn, àìsàn sì ń ti ibẹ̀ wá. Wọ́n wá ṣe òfin kan tó yí gbogbo nǹkan padà: ikọ̀ tó bá jáde ṣe ìmọ́tótó àdúgbò yóò gba àmì kún èyí tó gbà nínú bọ́ọ̀lù. Báyìí ni ikọ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ṣùgbọ́n tí kò gbálẹ̀ ṣe lè rí ara rẹ̀ lẹ́yìn ikọ̀ tó ṣe méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń ṣètò ìdíje, tí wọ́n ń kọ́ àwọn kéékèèké. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìlú dáadáa lè rí ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé gbà.

Èkejì wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kàwé nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn ní àkókò tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wà nínú ikọ̀ IICC Shooting Stars tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976. Ní 1980, ó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 láti gba Ife Áfíríkà. Lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Wasimi, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ́ eré ìdárayá. Ìgbé ayé rẹ̀ dá àwọn tó ń sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ìwé àti bọ́ọ̀lù lóhùn.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ọmọbìnrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, sọ fún ayé pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà, ó sì dá ilé iṣẹ́ àánú sílẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ́wọ́ nípasẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ní Tógò, ikọ̀ obìnrin orílẹ̀-èdè náà kọ́kọ́ dé Ife Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní 2022, ní Morocco. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké, bí ilé ìwé bá ti jáde, ọmọkùnrin ń lọ sí pápá, ọmọbìnrin ń lọ pọn omi. Ètò tó bá ní òun ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ojúṣe tí kò sì ṣí àyè fún ọmọbìnrin ti kọ́ ìdajì àwọn ọ̀dọ́ pé ìlú kò kà wọ́n sí. Ó sì ti kọ́ ìdajì kejì pé iṣẹ́ ilé kì í ṣe tiwọn.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ewu tó ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ti àwọn ayédèrú aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Wọn a dé ìlú, wọn a wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn a sì sọ fún òbí pé ẹgbẹ́ kan ń dúró de ọmọ wọn ní Yúróòpù. Owó ni wọ́n ń béèrè. Bàbá lè ta ilẹ̀, ìyá lè ta ọjà. Ọmọ náà lè bá ara rẹ̀ ní ìlú àjèjì láìsí ẹgbẹ́, láìsí ìwé ìrìnnà, tí kò sì lè padà sílé nítorí ìtìjú. Ìdí nìyí tí Jean-Claude Mbvoumin, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Cameroon rí, fi dá Foot Solidaire sílẹ̀ ní Faransé ní 2000.

Gbogbo òbí ló yẹ kó mọ èyí: láti 2001, òfin FIFA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí ẹgbẹ́ ní òmíràn, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà dárúkọ. Ẹni tó bá wá sọ fún ọ pé òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 rẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ, ohun tí òfin kọ̀ ló fẹ́ ṣe, tàbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ ṣe nǹkan kan rárá.

Ewu kejì wà nílé. Àgbà tó ń bú rẹfirí níwájú ọmọ, tó ń fi ọjọ́ orí èké gbé ọmọ wọ ìdíje, tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré àwọn kéékèèké, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ wọn. Ọmọ kì í gbàgbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ní ìlú bíi Glei

Láti inú gbogbo ohun tí a ti kà sókè yìí, a lè yọ ìlànà tí kò gba owó púpọ̀.

Kí gbogbo ọmọ inú ikọ̀ ní iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí gbígbá bọ́ọ̀lù: olùtọ́jú bọ́ọ̀lù, olùpọnmi, akọ̀wé, akápò, olùtọ́jú ẹni tó farapa. Kí iṣẹ́ náà máa yí ká, kí ọmọkùnrin náà pọn omi, kí ọmọbìnrin náà di akápò. Èyí ni ọgbọ́n ẹni tó so okùn nínú tchébé.

Kí ìwé owó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dá. Kí akápò máa kà á sí etí gbogbo ikọ̀ lóṣooṣù. Ọmọ ọdún 14 tó ti ṣírò owó níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè nígbà tí àgbà bá ń ṣírò owó ìlú.

Kí iṣẹ́ ìlú ní àmì tirẹ̀ nínú ìdíje bí ti Mathare: gbígbá ojú ọjà, ríro àyíká kànga, gbígbin igi sí ilé ìwé.

Kí a fi àwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà ṣe rẹfirí fún àwọn kéékèèké. Ẹni tó ti di fèrè mú rí kì í bú rẹfirí mọ́.

Kí àkókò ìdíje bá ti oko mu. A kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ àgbẹ̀ yan eré tàbí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nígbà ebè kíkọ. Àsìkò ọdún iṣu, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú bá wálé, ló dára jù láti gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó ti ìlú òkèèrè dé yóò rí ọ̀dọ́ tó ń ṣe nǹkan, yóò sì mọ ibi tí yóò fi owó rẹ̀ sí.

Ìparí

Àwọn baba wa kò ní ọ̀rọ̀ bíi "ètò ìdàgbàsókè ọ̀dọ́", ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìjàkadì, ayò, tchébé àti Evala kò fi ìgbà kan jẹ́ eré lásán, nítorí àgbà kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó mọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Bọ́ọ̀lù dé lẹ́yìn, kò sì bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ wá. Àwa ni ó kù sí lọ́wọ́ láti dúró tì í.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ wá láti agbègbè Ogou, bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó ti jó tchébé tàbí tó ti jà rí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ irinṣẹ́, òfin eré, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Ifẹ̀ gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn dé pápá, kí ẹ wo ẹni tó ń di okùn bàtà àwọn kéékèèké. Ẹni náà ni kí ẹ ràn lọ́wọ́.